Bẹ́ńṣì Abẹ́ Igi Ebelebo

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ka èyí, ẹ ṣọ́ra. Bí ẹnikẹ́ni bá tẹ́ bébà síwájú yín, tó ní kí ẹ fi bírò ya ọ̀nà tí ẹ̀ ń gbà lójoojúmọ́, ẹ kọ́kọ́ rò ó dáadáa. Ẹsẹ̀ ní ẹnu. Ohun tí ahọ́n ti gbé mì láti ọjọ́ pípẹ́, ẹsẹ̀ lè lọ tú u sílẹ̀ láàárín èrò. Ó ṣẹlẹ̀ sí Tàíbátù aláta gbígbẹ, ní Warri níbí.

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni Tàíbátù. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń ta ata gbígbẹ àti àlùbọ́sà ní ọjà Pessu. Ìwé mẹ́fà ló kà. Lẹ́tà gàdàgbà kì í ṣòro fún un, àwọn wẹ́wẹ́ ló máa ń fò. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, bó ṣe ń ti ìrun bọ̀, ó rí bébà kan lára ògiri mọ́ṣáláṣí. WAKA ló wà lórí ẹ̀ gàdàgbà. Sátidé, aago méje, ẹnu géètì. Ó tún un kà. Inú ẹ̀ dùn, nítorí ó ti pẹ́ tó ti ń wù ú kí àwọn obìnrin àsàlátù padà sídìí wákà kíkọ. Ó ránṣẹ́ sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí Sátidé yóò fi mọ́, obìnrin mẹ́sàn-án ti tò sẹ́nu géètì nínú híjáàbù funfun, ọ̀kan mú sẹ́lí dání, ọ̀kan ti ń wú ikọ́ kí ohùn lè là.

Àwọn tí wọ́n bá níbẹ̀ kì í ṣe olórin. Akínsànmí ni, ọkùnrin Ìlàjẹ kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ olùkọ́, pẹ̀lú bébà ńlá kan tó ká sábẹ́ apá, àti àwọn aya apẹja láti etí omi, àti Zulaykha, ọmọ Tàíbátù fúnra ẹ̀, tó ń kọ́ àwọn ọmọ kékeré níwèé. Zulaykha ló kọ ìwé ara ògiri yẹn.

Ó wo àwọn híjáàbù funfun, ó wo sẹ́lí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín títí tó fi di ògiri mú.

"Mama, na waka we write. Waka, with leg. No be wákà."

"Kí ló dé tí o kò fàmì sí i lórí?"

"Pidgin no get àmì."

Akínsànmí ló wá là á yé wọn. Àwọn nọ́ọ̀sì ti wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ládùúgbò, ti ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ga. Wọ́n ní kí wọ́n máa rìn. Ṣùgbọ́n níbo? Ó ní òun kò fẹ́ kí àjèjì wá yàn án fún wọn. Ará àdúgbò ni yóò ya ọ̀nà ìrìn náà fúnra wọn, kí ó jẹ́ ibi tí ìbòòji wà, tí ọkọ̀ kò ti ní kọ lù wọ́n.

"Ẹ má bínú, a máa padà," Tàíbátù wí.

"Padà lọ síbo?" ni onísẹ́lí bi í. "Mo ti fi páúdà sójú. Ẹni tó kun páúdà kì í padà sílé lófo."

Bí wọ́n ṣe dúró nìyẹn.

Wọ́n tẹ́ bébà sílẹ̀ lórí ẹní. Wọ́n ní kí kálukú ya ọ̀nà ẹ̀ láti ilé dé ọjà, kó fi tóótó dúdú sí ibi tó bá fẹ́ kí bẹ́ńṣì wà. Tàíbátù ya tirẹ̀ láìronú. Láti ilé ẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ sí etí omi, ó dé ìdí igi ebelebo, igi tí àwọn ará Ọ̀yọ́ ń pè ní fúrúùtù. Ọwọ́ ẹ̀ dúró níbẹ̀. Ó tẹ tóótó náà mọ́lẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ títí bírò fi lu bébà já.

Ó gbójú sókè. Obìnrin kan ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Abigail ẹlẹ́ja ni, tí ọjà ń pè ní Ìyá Dàmọ́lá. Abigail rí tóótó yẹn. Ó yí ojú sí omi.

Òun nìkan ló mọ̀. Nígbà òjò tó kọjá, lábẹ́ igi yẹn gan-an, ojú Tàíbátù ṣú, ó sì ṣubú lulẹ̀. Abigail ló ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó sọ agbọ̀n ẹja sílẹ̀, ó gbé orí ẹ̀ lé itan. Kò sí ibì kan tó lè gbé e jókòó sí, àfi ẹrẹ̀. Nínú ẹrẹ̀ yẹn ni Tàíbátù ti ń pe Zulaykha, bí ẹni tó ń pe ọmọ ọdún mẹ́ta tó sọnù lọ́jà. Nígbà tí ojú ẹ̀ là, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ ni pé: "Ìyá Dàmọ́lá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, kí Zulaykha má gbọ́."

Ìdí ni pé Zulaykha ti sọ ọ́ tipẹ́. Ọjọ́ tí Màámi bá ṣubú, Ìsẹ́yìn ló ń lọ, ó tán. Bẹ́ẹ̀, ta ló kù ní Ìsẹ́yìn? Gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ṣeré ti wọ káà ilẹ̀. Ní Pessu, tó bá pẹ́ kó tó dé ìsọ̀, ènìyàn márùn-ún á ti béèrè Mama Ata.

Láti ìgbà náà ni kò ti fẹsẹ̀ rin ọ̀nà yẹn. Kẹ̀kẹ́ ló ń wọ̀. Nọ́ọ̀sì ní kó máa rìn. Ó ń bẹ̀rù ìrìn. Ó tún ń bẹ̀rù àìrìn.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí wọ́n ya ọ̀nà sórí bébà, wọ́n pàdé nínú hòọ̀lù ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Ìlàjẹ. Àwọn àsàlátù jókòó sítòsí ilẹ̀kùn. Akínsànmí fi bébà han gbogbo ayé: ọ̀nà tí ẹsẹ̀ púpọ̀ jù lọ gbà ni wọ́n mú, láti mọ́ṣáláṣí, gba etí omi, dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ti di ọ̀nà ìrìn. Láyí káfíńtà sì dìde, ó ní òun yóò kan bẹ́ńṣì méjì, pákó òun kò ju ìyẹn lọ.

Tóótó jẹ́ mọ́kànlá.

"Ẹni tó bá fẹ́ bẹ́ńṣì, kó dìde, kó sọ ìdí," Akínsànmí wí. "Ẹsẹ̀ ara ẹni ni kí kálukú sọ. Ẹ má bá mi sọ ẹsẹ̀ aládùúgbò."

Ìyá àgbà Ìkúnayọ̀ ló kọ́kọ́ dìde. "Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Orúnkún mi ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, èmi nìkan ni mi ò tí ì gbà." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fún un.

Ó ku ọ̀kan. Àwọn kan ní èbúté, kí ojú lè máa rí ọkọ̀ ojú omi. Orí ń mì sí i. Zulaykha ló mú bírò lọ́wọ́, ó fẹ́ kọ ọ́, ó wá dúró.

"Who put this one for ebelebo? The biro sef tear paper."

Tàíbátù ń ka tẹ̀súbà, kò mọ iye tó kà. Bí òun bá dákẹ́, èbúté ló gbà á, ẹrẹ̀ ló tún ń dúró de òun. Bí òun bá sọ̀rọ̀, Ìsẹ́yìn ni.

Abigail dìde.

"Èmi ni."

"Ìyá Dàmọ́lá, tìrẹ ti wà lẹ́bàá ọjà. Mo rí i," Akínsànmí wí.

"Ẹnì kan ṣubú níbẹ̀. Mo gbà á mọ́ra. Mi ò rí ibi gbé e lé." Ìlàjẹ ponbele ni Abigail, 'wọn' máa ń di 'ghan' lẹ́nu ẹ̀. "Ghan ní kí á sọ ìdí. Ìdí rèé."

"Ẹsẹ̀ ta ni?"

"Ẹsẹ̀ ènìyàn ni, tíṣà. Kì í ṣe ti ewúrẹ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Akínsànmí náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó mi orí pé rárá. "A ti fẹnu kò. Ẹlẹ́sẹ̀ ni kó sọ ọ́."

Zulaykha gbé bírò padà sórí èbúté.

Tàíbátù dìde. Ó di ẹ̀yìn àga tó wà níwájú ẹ̀ mú. Ohùn ẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń dárúkọ iye àlùbọ́sà lọ.

"Èmi ni."

Bírò dúró. Zulaykha wo ìyá ẹ̀, ó wò ó pẹ́. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, Yorùbá ló sọ, òun tí kì í fi í dá ènìyàn lóhùn.

"Ìgbà wo, Màámi?"

"Ìgbà òjò."

"Ẹ ò sì sọ fún mi."

"O ní wàá dá mi padà."

Zulaykha tẹrí ba. Ó kọ ọ́ sí ìdí igi ebelebo, BẸ́ŃṢÌ, gàdàgbà, pẹ̀lú àmì lórí gbogbo ohun tó yẹ kó gba àmì.

Sátidé tí wọ́n kọ́kọ́ rìn ín, onísẹ́lí ló ṣáájú. Wọ́n ń rìn, wọ́n ń kọ wákà, àwọn obìnrin Ìlàjẹ ń pàtẹ́wọ́ sí i. Láti mọ́ṣáláṣí dé ìdí ebelebo, kò ju orin kan lọ, tí a bá gbe ègbè ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ojú ọ̀nà kò gùn tó bí ẹ̀rù ṣe fi í han Tàíbátù. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì. Pákó ṣì ń rùn tuntun. Abigail jókòó tì í. Zulaykha lóṣòó síwájú wọn.

"Ìsẹ́yìn wá ńkọ́?" Tàíbátù bi í. Kò wò ó lójú.

"Ìsẹ́yìn no dey waka. E go still dey there." Zulaykha fa híjáàbù ìyá ẹ̀ tọ́ lórí èjìká. "Every Sátidé, me and you. The day you no fit, you go tell me. Me, before Ìyá Dàmọ́lá."

"Mo gbọ́."

Orin ti ń lọ níwájú. Zulaykha kò tí ì dìde. Ó yíjú sí Abigail.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Lọ́jọ́ yẹn, kí ni Màámi ń sọ nígbà tí wọ́n wà nílẹ̀?"

Abigail fi àtẹ́lẹwọ́ nu orí pákó, bí ẹni pé ipẹ́ ẹja wà níbẹ̀. Ó wo Tàíbátù. Tàíbátù ń wo omi.

"Ìdí ni tíṣà béèrè nínú hòọ̀lù, mo sì ti sọ ìdí," Abigail wí. "Èyí tó kù, Màámi rẹ ló ni ín, mi ò sọ ọ́."