Attracta Tí Wọ́n Fi Ta Amẹ́ríkà Lọ́rẹ

Ilé ọmọ aláìníyàá tó wà lórí òkè nílùú wa ti pẹ́ ju gbogbo wa lọ. Nígbà tí ọ̀dùnkún jẹrà mọ́lẹ̀, tí ìyàn ń pa Ireland, ni àwọn sístà ìjọ Kátólíìkì kọ́ ọ. Ọbẹ̀ ni wọ́n fi ń gba ẹ̀mí ọmọ là nígbà náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi máa mú Dympna Geraghty àti àbúrò rẹ̀ Attracta débẹ̀, orúkọ ilé náà la fi ń pa ọmọ lẹ́nu mọ́.

Ikọ́ ẹ̀gbẹ ló pa ìyá wọn. Fáda ìjọ wa ní ọkùnrin kò lè dá tọ́ ọmọbìnrin méjì. Malachy, bàbá wọn, gbà, nítorí ta ní jẹ́ bá fáda jiyàn? Ó wọkọ̀ ojú omi lọ ṣiṣẹ́ ọ̀nà ní England. Ó kìlọ̀ fún Dympna pé kó má fọwọ́ àbúrò rẹ̀ sílẹ̀.

Ilé ìfọṣọ ni wọ́n fi Dympna sí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ti ibẹ̀ gòkè wá sí yàrá tí wọ́n ń sùn, ó bá béèdì Attracta lófo, wọ́n ti ká aṣọ tó wà lórí béèdì náà. Sístà Benignus ní ìdílé rere kan ní Amẹ́ríkà ti mú un lọ, kó dúpẹ́, kó padà sídìí iṣẹ́.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Malachy gba yàrá sí Coventry, ó sì wá kó àwọn ọmọ rẹ̀. Wọ́n gbé tíì fún un ní pálọ̀. Nígbà tí ọ̀gá àwọn sístà, tí wọ́n ń pè ní Ìyá, sọ̀rọ̀ tán, ó rọra gbé ife kalẹ̀.

"Ìyá, ta ló ní kẹ́ ẹ fi ọmọ mi tọrẹ?"

"Fáda ló gbà fún wa. Ire ọmọ la rò."

"Ṣé ẹni tó bí i ti kú ni?"

Malachy dìde. Ó mú Dympna nìkan lọ. Ní Coventry, bó bá ti mutí yó, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ fún Dympna.

"Mo ní kó o má fọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Níbo lo wà?"

Ọtí náà ló pàpà pa Malachy. Dympna padà sílùú wa, ó ń wá àbúrò rẹ̀ títí irun rẹ̀ fi funfun. Nígbà tí wọ́n bá a rí nọ́ńbà fóònù Attracta, tó sì pè é, orúkọ mìíràn ni obìnrin náà ń jẹ́. Ó fi sùúrù gbọ́ gbogbo ohun tí Dympna sọ.

"Mà, wọ́n sọ fún mi pé gbogbo èèyàn mi ti kú. Mo ti sunkún wọn tán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí mọ́."

Dympna kò pè mọ́. Wọ́n ti sọ ilé orí òkè di òtẹ́ẹ̀lì báyìí. Láti fèrèsé yàrá tirẹ̀, Dympna ń rí àwọn ìyàwó tuntun tó ń ya fọ́tò lórí àtẹ̀gùn òtẹ́ẹ̀lì náà.