Ọmọ Èbúté Ushiobana

Èmi ni mo bí Araiso Gantetsu. Bírò ni mo fi bí i, nínú ilé oúnjẹ kan lẹ́bàá ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní Ueno, nígbà tí abọ́ núdù mi ń tutù lọ níwájú mi. Ọ̀gá ẹgbẹ́ ìjàkadì wa ti ní kí n wá orúkọ àti ìlú fún ọmọkùnrin kan tí èjìká rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, tí ojú rẹ̀ sì tutù bí ojú ọmọ tuntun. Tsukuda Harunobu ni orúkọ àbísọ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ń ṣe wàrà sóyà tà ní Chichibu, láàárín àwọn òkè, níbi tí ènìyàn ti lè dàgbà di arúgbó láìfojú kan òkun. Mo bi ara mi pé ta ni yóò ra ìwé ìwọlé láti wo ọmọ oníwàrà. Mo tẹ́ àwòrán ilẹ̀ wa sórí tábìlì, mo fi ìka tọ etíkun àríwá lọ, mo sì dúró lórí Ushiobana nítorí pé orúkọ náà kún ẹnu. Olùkéde ni mí. Ohun tó bá kún ẹnu ni mo máa ń wá.

Báyìí ni ọmọ oníwàrà ṣe di apẹja. Mo kọ ọ́ sínú ìwé ètò eré pé àwọ̀n ni wọ́n fi kó o nínú ìjì, pé láti ọmọ ọdún méje ni ó ti ń fa ìdákọ̀ró. A wọ ṣòkòtò búlúù fún un, a sì fi okùn ọkọ̀ tó nípọn bí ọrùn ọwọ́ di ìdí rẹ̀. Obìnrin tó ń rán aṣọ wa ni ó kọ́ ọ bí yóò ti ta okùn náà ní kókó, kókó ràgàjì kan tó rí bí òdòdó, tó sì yẹ tẹlifíṣọ̀n gan-an. Fún ọdún mẹ́ta ni mo fi ń ké e káàkiri: "Láti èbúté Ushiobana, ìwọ̀n kílò márùn-dín-láàádọ́fà, Araiso Gantetsu."

Nígbà ìwọ́wé ọdún 1982, ọ̀gá wa ta eré kan sí Ushiobana gan-an.

Kò sí ẹni tó ti fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ rí nínú wa. Ọkọ̀ méjì ni ẹgbẹ́ wa ń wọ̀, ọ̀kan fún àwọn tó ń ṣe ẹni rere nínú eré, èkejì fún àwọn tó ń ṣe ẹni ibi, nítorí pé ará ìlú kò gbọ́dọ̀ rí i kí ẹni rere àti ẹni ibi jọ máa pín ẹyin bíbọ̀ jẹ. Ẹni tí wọ́n bá ká mọ́ ibi tó ti ń bá ẹni ibi tàkúrọ̀sọ níta, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Inú ọkọ̀ àwọn ẹni rere ni Harunobu ti bi mí pé bí wọ́n bá béèrè ilé tí òun ti wá ńkọ́. Mo ní kí ó rẹ́rìn-ín, kí ó sì nawọ́ sí òkun. Òkun tóbi, kò ní yọjú wá sọ pé irọ́ ni. Kò rẹ́rìn-ín rárá.

"Ẹ̀gbọ́n, eré lẹ pè é," ni ó wí. "Harunobu ń bẹ̀rù gbogbo ènìyàn láti kékeré. Tí ẹ bá ti ké Ushiobana, ẹ̀rù yẹn á kàn kúrò lára mi ni. Tí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ mi lónìí, mi ò mọ ẹni tó máa jà."

Gbọ̀ngàn ìtajà ẹja ni wọ́n gbé pèpéle ìjà wa sí. Oòrùn ọ̀sán ń gba ẹnu ọ̀nà tó kọjú sí omi wọlé. Ẹgbẹ̀rin ènìyàn jókòó sórí àpótí ẹja, wọ́n ń jẹ ẹja ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀ tí wọ́n fi ọbẹ̀ sóyà yan, wọ́n ń mu ọtí sakè nínú ife tíì. Rasetsu ẹni ibi ni mo kọ́kọ́ ké, àlùfáà tí wọ́n lé kúrò ní tẹ́ńpìlì ní Kyoto, apárí tó ga bí àká, tó ń fi ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà fún ènìyàn lọ́rùn. Wọ́n bú u dé ìran ìyá rẹ̀. Ẹnìkan sọ ewébẹ̀ lù ú ní àyà, ó gbé e, ó jẹ ẹ́.

Mo wá fa èémí, mo ké ọmọ mi. Ní gbogbo ìlú yòókù, bí mo bá ti dárúkọ èbúté náà, ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ búlúù tí àwọn òǹwòran ń jù a máa rọ̀ sórí pèpéle bí òjò. Ní Ushiobana fúnra rẹ̀, ẹnìkan wúkọ́. Ìwé kan kò rọ̀.

Arúgbó obìnrin kan dìde ní ìlà iwájú. Onodera Fuyo ni, olórí ẹgbẹ́ àwọn apẹja, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, kò ga ju ọmọdé lọ. Ó bọ́ bàtà rọ́bà rẹ̀ sí ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, ó tò wọ́n síra wọn dáadáa, ó gun pèpéle, ó sì gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ mi bí ìgbà tí ènìyàn ń gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọ kékeré.

"Káàbọ̀, ọmọ wa," ni ó wí. "Ta ni bàbá ẹ?"

Harunobu nawọ́ sí òkun. Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì dára létí mi.

"Ọmọ tí òkun bí pọ̀, mo sì mọ gbogbo wọn. Má dààmú, orúkọ tó o mú ò dùn wá. Nǹkan tó dùn wá ni okùn ìdí ẹ yìí."

Ó fi ìka méjì mú etí okùn ìdí rẹ̀, ó fà á díẹ̀. Òdòdó ńlá náà tú pátápátá, okùn bọ́ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ ọmọkùnrin náà. Ìyá Fuyo wá ro ẹjọ́ fún wa láìgbé ohùn sókè. Ó ní kò sí ọmọ iléèwé kan ní ìlú náà tí kì í ta kókó bíi ti Gantetsu mọ́. Ó ní lóṣù kẹfà, ọmọ-ọmọ òun fi kókó yẹn so ọkọ̀ òun mọ́ òpó èbúté, omi gbé e lọ, àpáta sì fọ́ ọ yángá. Ọpẹ́ ni pé kò sí ènìyàn nínú rẹ̀. Ó ní kókó kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń so ọkọ̀ níbẹ̀ láti ayé àwọn bàbá ńlá wọn, moyai ni orúkọ rẹ̀.

"Tẹ́ ẹ bá jà tán, wàá ta moyai mọ́ òpó pèpéle yìí lójú gbogbo wọn. Èmi àti apẹja mẹ́ta máa fà á. Tó bá yọ̀, fi orúkọ ìlú wa sílẹ̀ kó o tó wọkọ̀. Tó bá dúró, tiwa ni ẹ́."

"Mo ti gbọ́, ìyá," ni Harunobu dáhùn. Ó wò mí. Ọ̀rọ̀ nìkan ni mo mọ̀ ọ́n so pọ̀, mi ò mọ̀ ọ́n so okùn.

Aago ìjà kò tíì dún tán tí Rasetsu fi ta á nípàá láyà. Wọ́n bá ara wọn yí lórí pèpéle bí àgbá méjì. Harunobu gbé e lulẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, Rasetsu fi ìlẹ̀kẹ̀ nà án lójú, ó sì há orí rẹ̀ mọ́ abẹ́ apá ní igun tí mo jókòó sí gan-an. Ó kígbe sí àwọn ará ìlú pé irú apẹja wo nìyí, apẹja inú agolo. Wọ́n hó lé e. Lábẹ́ ariwo náà ni mo ti gbọ́ ohùn mìíràn lẹ́nu rẹ̀, ohùn jẹ́jẹ́ tí èmi àti Harunobu nìkan lè gbọ́.

"Ṣé o mọ̀ ọ́n ta?"

"Rárá, ẹ̀gbọ́n."

"Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Máa ké bí ẹni tó ń kú lọ, kó o fetí sílẹ̀."

Harunobu bú ramúramù.

"Ṣe òrùka kékeré kan sára okùn. Ilẹ̀kùn nìyẹn. Okùn gígùn tó kù ni baálé. Orí okùn ni àlejò. Àlejò wọlé láti ìsàlẹ̀, ó gba ẹ̀yìn baálé kọjá, ó tún bá ilẹ̀kùn yẹn náà jáde. Tún un sọ."

Ó tún un sọ láàárín igbe, ó sì ṣì í.

"Ẹ̀yìn baálé, òmùgọ̀. Ta ló kọ́ ẹ nílé?" Rasetsu fún un ní ìkúùkù lórí tó dún dé òrùlé.

Ọdún mẹ́jọ ni mo ti mọ Rasetsu. Èmi náà ni mo kọ Kyoto, ìlú tí kò sí òkun, fún un, mi ò sì bi í léèrè rí ibi tí ó ti wá kí n tó kọ ọ́. Ó pẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ náà kí n tó gbọ́ pé ọmọ erékùṣù Gotō ni, pé bàbá rẹ̀ ń fa àwọ̀n ẹja wẹ́wẹ́.

Ó fa okùn tó bọ́ sílẹ̀ náà, ó wọ́ Harunobu dé ìdí òpó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í so ọwọ́ òsì rẹ̀ mọ́ ọn. Kò kánjú. Ó ṣe òrùka, ó dúró, ó yọ ahọ́n sí àwọn obìnrin. Ó ki orí okùn bọ̀ ọ́ láti ìsàlẹ̀, ó dúró, ó bú àwọn ọkùnrin. Ó yí i gba ẹ̀yìn, ó mú un jáde, ó fà á le. Ojú Harunobu kò kúrò lára ìka rẹ̀. Rasetsu wá ń fi ẹsẹ̀ tẹ ọwọ́ ọ̀tún ọmọ náà mọ́lẹ̀ títí ó fi wú.

Ìyá Fuyo, tó ti padà jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, fi ẹnu sún mọ́ etí mi.

"Olùkéde, níbo lo ní ó ti wá?"

"Kyoto ni, ìyá. Àlùfáà ni."

"Hùn," ni ó wí. "Òkun ti wọ Kyoto nìyẹn."

Ó yíjú padà sí pèpéle.

Rasetsu fà sẹ́yìn dé igun kejì, ó sì sáré bọ̀ pẹ̀lú gbogbo ìwọ̀n rẹ̀. Harunobu fi àtàǹpàkò ti ọrùn kókó náà, ó rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ bọ́, ó yẹ̀, apárí náà sì fi àyà gbá òpó. Kí ó tó mí, ọmọ oníwàrà ti gbé e sí èjìká, ó yí i lẹ́ẹ̀kan, ó yí i lẹ́ẹ̀mejì, ó sì là á mọ́lẹ̀. Adájọ́ lu pèpéle lẹ́ẹ̀mẹta. Gbogbo ìlú ti wà lórí ìdúró. Lẹ́yìn náà ni wọ́n jókòó padà, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, wọ́n ń retí kókó náà.

Àwọn apẹja mẹ́ta bá Ìyá Fuyo gòkè pẹ̀lú okùn ọkọ̀ tòótọ́, èyí tó tutù, tó ń rùn. Harunobu gbà á, ó yí i ká òpó. Ìka ọ̀tún rẹ̀ kò fẹ́ ká. Ó ṣe òrùka, ó ki orí okùn bọ̀ ọ́ láti ìsàlẹ̀, ó sì gba iwájú baálé. Mo rí i. Mi ò sì gbọ́dọ̀ la ẹnu. Ó ti fẹ́ fà á le kí ó tó dúró. Ó di ojú, ètè rẹ̀ ń mì bí ẹni tó ń ka àdúrà. Ó yọ ọ́ padà, ó gba ẹ̀yìn, ó mú un jáde. Ó fà á, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀.

Àwọn mẹ́rin di okùn mú. Ìyá Fuyo ló wà níwájú, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ pèpéle. Wọ́n fà. Omi ṣàn jáde lára okùn. Òpó ké. Wọ́n tún fà, ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá dùbúlẹ̀ fà á, okùn náà dún bí ẹni tó ń pa eyín keke. Kókó náà kò yọ̀.

"Tú u," ni Ìyá Fuyo wí.

Ó fi àtàǹpàkò kan tì í. Ó tú.

Ìyá náà wo okùn, ó wo ọmọkùnrin náà, ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò rẹ̀, ó sì fi gbohùngbohùn lé mi lọ́wọ́. Ó ní kí n ké e bí mo ṣe máa ń ké e. Mo fa èémí. Mi ò tíì sọ ju "Láti" lọ tí ọkùnrin kan láàárín àwọn àpótí ẹja fi gbà á lẹ́nu mi, tí ẹgbẹ̀rin ènìyàn sì bá a parí rẹ̀: èbúté Ushiobana. Wọ́n ń na ọwọ́ sábẹ́ àpótí, wọ́n ń na ọwọ́ sínú bàtà rọ́bà, wọ́n ń fa ìwé búlúù yọ. Wọ́n ti rà á sílẹ̀ kí wọ́n tó wá, gbogbo wọn. Ó rọ̀ títí mi ò fi rí orí Harunobu mọ́. Mo gbé gbohùngbohùn sísàlẹ̀. Kò sí iṣẹ́ kankan tí ó kù fún mi níbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà.