Ẹ̀yìn Bọ́ọ̀dù Ni Ojú Rẹ̀ Wà

"Mo gbé!" Ìyá Oníwáyà ju irin tó fi ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì sílẹ̀, ó sì di orí mú. "Mo ti yí i sódì. Gbogbo rẹ̀ pátá ni mo yí sódì!"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, yí ojú sí ibi tí ohùn ti wá. Olùkọ́ ni ẹ̀gbọ́n yìí ní ilé-ìwé àwọn ọmọ afọ́jú, òun náà kò sì ríran láti kékeré.

"Kí lo yí sódì?"

"Bọ́ọ̀dù tuntun yìí ni, Ẹ̀gbọ́n. Ihò tó yẹ kó wà lọ́tùn-ún, òsì ni mo yà á sí. Èyí tó yẹ kó wà lósì ti lọ jókòó sọ́tùn-ún. Wèrè ni mí."

"Wèrè kọ́. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni."

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún kì í ṣe kékeré, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀rọ ràgàjì kan wà ní ilé-ìwé ẹ̀gbọ́n, tó ń tẹ bírélì, ìyẹn ìwé tó kún fún kókó kéékèèké tí afọ́jú ń fi ìka kà. Ẹ̀rọ náà ti dàgbà, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan tó ṣe é. Kọ̀ǹpútà tó ń darí rẹ̀ ló kú, àwọn tuntun tó wà lóde kò sì ní irú ẹnu tí okùn rẹ̀ ń wọ̀. Okùn àsopọ̀ tí wọ́n ń tà lọ́jà, wọ́n rà á títí ó sú wọn, ẹ̀rọ kò dá ọ̀kankan lóhùn. Ìwé àtijọ́ làwọn ọmọ ń kà látìgbà náà, wọ́n sì ti fọwọ́ rà á títí àwọn kókó ara rẹ̀ fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Kàkà kí ọ̀gá ilé-ìwé wá nǹkan ṣe sí i, àwọn tó ń ra àlòkù irin ló ránṣẹ́ pè. Àárọ̀ ọ̀la ni lọ́rì wọn ń bọ̀.

Ìyá Oníwáyà sì fárígá, ó ní ẹ̀rọ náà kò ní í lọ. Rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ló ń tún ṣe jẹun, ṣùgbọ́n ohun tí àdúgbò fi ń ṣe é ní yẹ̀yẹ́ ni kọ̀ǹpútà kan tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn, irú èyí tí ayé ti gbàgbé. Ara òkú ẹ̀rọ ló ti ṣa èròjà rẹ̀ jọ, ó sì kó gbogbo rẹ̀ sínú àpótí onígi. Wọ́n ní nígbà táwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ra tuntun, òun ń jí òkú dìde. Ó ń jó lẹ́ẹ̀dì tirẹ̀ lọ. Ọjọ́ tó gbọ́ pé ẹ̀rọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń lọ sọ́dọ̀ àwọn alálòkù ló mọ ohun tí òkú tó jí fẹ́ wúlò fún.

Ó jókòó, ó ya bọ́ọ̀dù kan, pátákó pẹlẹbẹ tí wọ́n ń jó èròjà iná mọ́, tí yóò kì bọ inú kọ̀ǹpútà náà, kó lè ní ẹnu méjì sí i. Ẹnu kìn-ín-ní, ọ̀rọ̀ á máa gbabẹ̀ wọlé láti inú kọ̀ǹpútà ẹ̀gbọ́n, lẹ́yọ lẹ́yọ, bí ọmọ ilé-ìwé tó tò sórí ìlà. Ẹnu kejì, ọ̀rọ̀ á máa gbabẹ̀ jáde sínú ẹ̀rọ bírélì, mẹ́jọ mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ó fi àwòrán ránṣẹ́ sáwọn tó ń ṣe bọ́ọ̀dù, wọ́n sì ṣe é gẹ́lẹ́ bó ṣe yà á. Ohun tó wá di wàhálà náà nìyẹn.

"Ẹnu kìn-ín-ní dára," ó ní. "Ẹnu kejì yìí ló pa mí. Nígbà tí mò ń yà á, ẹ̀yìn irin ẹnu náà ni mò ń wò, níbi tí a ti ń jó lẹ́ẹ̀dì mọ́ ọn. Ẹ̀yìn ni mo ti kà á, iwájú ni mo yà á sí. Ọmọ iṣẹ́ àná kò ní ṣe irú ẹ̀."

"Ọmọ iṣẹ́ àná kò tiẹ̀ ní dá a láṣà pé òun fẹ́ yà á."

"Ẹ má pọ́n mi lé, Ẹ̀gbọ́n. Kí wọ́n tó ṣe òmíràn ránṣẹ́, wọ́n á ti fi ẹ̀rọ yín rọ ìkòkò."

Fóònù ẹ̀gbọ́n bá kígbe orúkọ ẹni tó ń pè é: ọ̀gá ilé-ìwé ni. Ẹ̀gbọ́n tẹ̀ ẹ́ kí àbúrò rẹ̀ lè gbọ́.

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní kí n rán yín létí ni. Lọ́rì á dé láàárọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kó ẹrù yín kúrò ní yàrá ẹ̀rọ."

"Ọ̀gá, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́."

"Màmá, ayé ti kúrò níbẹ̀ yẹn. Ṣebí fóònù tó ń sọ̀rọ̀ wà? Ẹ jẹ́ kí fóònù máa kàwé fáwọn ọmọ."

"Tèmi ń sọ̀rọ̀, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń kàwé fún, ṣé òun náà mọ̀wé kà nìyẹn? Ta ló ń kàwé fún yín kí ẹ tó di ọ̀gá?"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tọ́rọ̀ ti sú. "Ó dáa, Màmá. Bí ẹ̀rọ yẹn bá lè tẹ ojú ewé kan péré kí wọ́n tó so okùn mọ́ ọn, màá dá lọ́rì padà. Bí kò bá lè tẹ̀ ẹ́, ẹ má bínú sí mi." Ó pa fóònù.

Omi bọ́ lójú Ìyá Oníwáyà, inú sì tún bí i pé omi bọ́ lójú òun. "Ó ti parí," ó ní.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Gbé bọ́ọ̀dù yẹn fún mi."

Ẹ̀gbọ́n gbà á, ó ń fìka tọ ihò ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Èwo ni ti àkọ́kọ́?"

Àbúrò di ìka rẹ̀ mú. "Ìgun yìí ló wà. Ìgun ọ̀hún ló yẹ kó wà."

"Ṣé àwọn ihò yìí já sẹ́yìn?"

"Wọ́n já."

Ẹ̀gbọ́n bá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó jẹ́ kí alágbàfọ̀ ṣọ́ọ̀bù kejì yọjú. "Àbúrò mi, nígbà tá a wà lọ́mọdé, kí n tó mọ ẹ̀rọ kankan, báwo ni mo ṣe ń kọ̀wé?"

"Férémù irin lẹ fi ń há ìwé, ẹ wá ń fi abẹ́rẹ́ gún un."

"Láti ibo síbo?"

"Láti ọ̀tún sí òsì ni. Ẹ̀yìn ìwé lẹ ti ń gún un, àwọn kókó á wá yọ níwájú. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kà á, ẹ ó yí ìwé..." Ìyá Oníwáyà wo bọ́ọ̀dù, ó wo ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Parí ẹ̀."

"Ẹ ó yí ìwé náà, ọ̀tún á di òsì, òsì á di ọ̀tún."

"Ó dáa náà. Ẹ̀yìn nìwọ náà ti kọ tìẹ. Kí lo wá ń wá níwájú?"

"Yéè!" Ìyá Oníwáyà fò dìde, àga rẹ̀ ṣubú. "Abẹ́ ni kí n gbé ẹnu irin náà sí! Kí n kì í bọ àwọn ihò yẹn láti abẹ́, kí n jó lẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lókè! Gbogbo rẹ̀ á bọ́ sí ipò tó yẹ!" Ó gba bọ́ọ̀dù náà padà, ó wo abẹ́ rẹ̀. "Àmọ́ á kọ́ sísàlẹ̀ bí àdán o, Ẹ̀gbọ́n. Màá ní láti fi ẹsẹ̀ kún ẹsẹ̀ bọ́ọ̀dù, kí n sì gbẹ́ ara àpótí. Á burẹ́wà."

"Ta ló fẹ́ wò ó? Èmi?"

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, lọ́rì ti wà nínú ọgbà ilé-ìwé kí tẹ̀gbọ́n tàbúrò tó débẹ̀. Ọkùnrin méjì ti gbé okùn kọ́ èjìká, ọ̀gá sì dúró tì wọ́n tòun ti kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀rọ lọ́wọ́. Ó wo àpótí tí Ìyá Oníwáyà gbé mọ́ àyà.

"Pósí ta nìyẹn?"

"Kọ̀ǹpútà ni, Ọ̀gá. Ẹ bá wa ṣílẹ̀kùn."

Ọ̀gá ṣí i. Ẹ̀gbọ́n fa àga, ó jókòó, ó sì fẹ̀yìn ti ẹ̀rọ gbágbágbá. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà fún wa. A ṣì níbòmíràn láti lọ."

"Ẹni tó bá fẹ́ gbé e, kó kọ́kọ́ gbé mi."

Ọkùnrin náà wo ọ̀gá. Ọ̀gá wo ilẹ̀. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Ìyá Oníwáyà ki okùn kan bọ ẹnu kìn-ín-ní, ó dùbúlẹ̀ gbalaja kó tó lè ki èkejì bọ abẹ́. Ó tan iná. Ẹ̀gbọ́n gbé kọ̀ǹpútà tirẹ̀ lé itan, ó tẹ ọ̀rọ̀ díẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà yọ lójú gíláàsì kékeré ara àpótí, Ìyá Oníwáyà sì kà á: *A ò lọ.*

Ẹ̀rọ dákẹ́.

"Àbí ẹ rí i," ni ọ̀gá wí.

Ìyá Oníwáyà gbá àpótí náà létí. "O ò gbọdọ̀ dójú tì mí!"

Bóyá gbígbá yẹn ni o, bóyá ẹ̀rọ àgbà ń wá èémí ni, ta ló mọ̀. Ẹ̀rọ náà gbin lẹ́ẹ̀kan, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í dún gbàgàgbàgà tí gíláàsì fèrèsé fi ń mì. Àwọn ọkùnrin olókùn fò sẹ́yìn. Ìwé rọra yọ jáde. Ẹ̀gbọ́n já a, ó fìka rà á, ó mi orí, ó sì nà án sí ọ̀gá.

Ọ̀gá gbà á. Ìwé funfun ni, kò sí yíǹkì kankan lára rẹ̀. Ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó yí i lọ, ó yí i bọ̀.

"Kí ló wà níbẹ̀, Màmá?"

"Ẹ ní kí fóònù yín kà á fún yín."

Ẹ̀rín pa àwọn ọkùnrin méjèèjì. Ìyá Oníwáyà fọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò bóró mọ́, ẹ̀rín ti bọ́ lẹ́nu òun náà. Ọ̀gá juwọ́ sáwọn olókùn pé kí wọ́n máa lọ. Ó wá fa àga kan súnmọ́ ẹ̀gbọ́n, ohùn rẹ̀ sì ti rọ̀.

"Màmá, ẹ dákun, ẹ kà á fún mi."

"Rárá o. Ẹ ó fúnra yín kà á." Ẹ̀gbọ́n wá ọwọ́ rẹ̀ kàn, ó di ìka rẹ̀ mú, ó sì gbé e lé orí ìwé. "Lẹ́tà àkọ́kọ́ rèé. Kókó kan péré ni, kò le."