Ẹni Tó Ń Dá Iná Dúró

Iná tún ti là fún Bámidélé. Ajíbádé rí i kedere láti inú bọ́ọ̀sì rẹ̀ tó ti gbó. Pupa ló wà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n bí bọ́ọ̀sì tuntun yẹn ṣe yọjú sí oríta Ìkẹ́rẹ́ báyìí, ó di àwọ̀ ewé, bí ọmọ ọ̀dọ̀ tó rí ọ̀gá rẹ̀ tó sáré ṣílẹ̀kùn. Èyí tó sì ń dùn ún jù ni pé Bámidélé kì í tètè kọjá. Àárín oríta ni yóò ti máa wọ́ bí ìgbín.

“Ó ń fi iná ṣe fáàrí sí mi!” Ajíbádé tẹ fèrè fáàà, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Adéníkẹ́ oníṣu, tó jókòó sẹ́yìn rẹ̀, bú sẹ́rìn-ín. “Ajíbádé, kí ọkọ̀ rẹ yìí tó dé Ìṣẹ́, uṣu mi á ti hù. Ti Bámidélé ni mo máa wọ̀ lọ́la.”

Ọ̀rọ̀ náà gún un lọ́kàn. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan náà ni òun àti Bámidélé ti kọ́ṣẹ́, òun ló sì ṣáájú. Nígbà tí ẹgbẹ́ awakọ̀ ra bọ́ọ̀sì tuntun, tó ní àpótí kékeré tó ń bá iná oríta sọ̀rọ̀ láti òkèèrè pé kó yànà fún un, wọ́n ní kí àwọn méjèèjì wá fi ọjọ́ mẹ́ta kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Joy tó ń tọ́jú iná. Ajíbádé pòṣé. Joy tí òun ń gbé lọ sílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà kan rí! Bámidélé mú bíró àti ìwé, ó lọ, wọ́n sì gbé ọkọ̀ náà fún un. Ṣùgbọ́n bí Ajíbádé bá ń sọ ìtàn náà, wọ́n rẹ́ òun jẹ ni.

Lọ́jọ́ yẹn, bó ti já èrò sílẹ̀ ní Ìṣẹ́ tó sì padà, ọ́fíìsì Joy lẹ́gbẹ̀ẹ́ oríta ló forí lé.

“Joy, ẹjọ́ ni mo wá sùn. Bámidélé ń dá iná dúró.”

“Mo mọ̀, bàbá. Iná kì í yí padà àfi tí bọ́ọ̀sì rẹ̀ bá kúrò lójú oríta. Mo ti bi í lẹ́ẹ̀mejì, kò fèsì. Ẹ̀sùn kan péré ló kù kí ẹgbẹ́ gba ọkọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀yin lẹ sì kàn láti wà á.” Ó na ìwé àti bíró sí i. “Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí ẹ fẹ́ fọwọ́ sí.”

Ajíbádé gba bíró náà. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà. Àwòrán ọjọ́ Ajé rèé, ọkọ̀ Bámidélé ń wọ́ láàárín oríta, ọkọ̀ àtijọ́ kan tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ wọnú ń sáré bọ̀ lẹ́yìn. Ọkọ̀ àtijọ́ náà kọjá tán, bọ́ọ̀sì tuntun ṣí, iná di pupa. Bákan náà ni ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ àtijọ́ kò sí níbẹ̀, fìrí ni Bámidélé kọjá.

Ajíbádé mọ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tó tẹ̀ yẹn. Ọkọ̀ tirẹ̀ ni, òun fúnra rẹ̀ ló fi gbá igi kòkó.

Láyé ìgbà tí ọ̀nà Ìṣẹ́ kò dára, ọkọ̀ méjì méjì ni ọ̀gá wọn ń jẹ́ kó jáde. Ẹni iwájú kò gbọdọ̀ kọjá afárá láìrí ẹni ẹ̀yìn nínú dígí. Ẹni ẹ̀yìn a sì tan iná iwájú ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan: mo ti dé, máa lọ. Ọ̀gá ti kú, wọ́n ti da ọ̀dà sí ọ̀nà. Ta ló kọ́ Bámidélé ní òfin yẹn lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ gáréèjì? Ajíbádé ni.

“Bàbá, ẹ ò fọwọ́ sí i mọ́?”

“Bíró rẹ kò kọ̀wé.”

Joy fà á sí àtẹ́lẹwọ́. Ó kọ geere. Ajíbádé rọra ti ìwé náà padà.

Lọ́sàn-án, Bámidélé ló tún wà níwájú. Iná là fún un, ó dé àárín oríta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Owú ṣì ń ta Ajíbádé lọ́kàn, ọkọ̀ náà sì ń dán lójú rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ lọ síbi fèrè, ó dúró. Ojú kan ń wá a nínú dígí ọkọ̀ iwájú.

Ó tan iná ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.