Iná Tí Kò Kú ní Yàrá Ìyá

Láti ọjọ́ tí Mùílì ti fi bóòbù LED sí yàrá ìyá rẹ̀ tó dolóògbé ni ọkàn Marufat, ìyàwó rẹ̀, kò ti balẹ̀ mọ́ nínú ilé wọn ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ẹ pa suìṣì, ẹ fa kọ́tìnì, bóòbù náà kò ní kú. Yóò máa tàn bàìbàì bí ojú ẹni tí kò rí oorun sùn. Marufat kì í dá wọ ibẹ̀ mọ́, àfi láàárọ̀ Jímọ̀ tó gbọ́dọ̀ nu yàrá náà, bí ìyá ti máa ń ṣe nígbà ayé rẹ̀. Ó dá a lójú pé ìyá kò tíì lọ.

Ẹ̀rín ni Mùílì ń fi í rín. Káfíńtà ni, ṣùgbọ́n kò síṣẹ́ tí í sọ pé òun ò mọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló so wáyà yàrá náà. Nígbà tí ẹkún ìyàwó rẹ̀ wá sú u, ó ní bí òun bá ti ṣe àlùwàlá Mọ̀gáríbì tán, òun á tú bóòbù àti hódà tó gbé e dúró dànù kí ilé lè rójú.

Marufat bọ́ sẹ́yìnkùlé, ó pe Ìmísí, ọmọ tó ti bá wọn gbélé rí, tó ń kọ́ṣẹ́ iná ní Ògbómọ̀ṣọ́ báyìí. Ariwo jẹnẹrétọ̀ àdúgbò Under G tó wà níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ohùn ọmọ náà mọ́lẹ̀. Ìmísí béèrè bóyá bóòbù náà ń tàn bí wọ́n bá mú iná lọ. Marufat ronú, ó ní rárá, ó máa ń kú pátápátá.

"Àǹtí, kì í ṣe Ìyá o. LED ò fẹ́ iná púpọ̀, díẹ̀ tó bá jò sí i ti tó o. Wáyà tó ń gbé iná wá ló yẹ kí suìṣì gé, èyí tó ń dá a padà ni wọ́n gé. Bí ẹ tiẹ̀ pa á, iná ṣì wà nínú hódà lókè níbẹ̀, ó lè gbé èèyàn. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kàn án."

Marufat sáré wọlé. Láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ti rí Mùílì lórí àpótí nínú yàrá, láìwọ bàtà, tí omi àlùwàlá ń kán ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Ó ti pa suìṣì, ó sì ti ń nawọ́ sókè. Marufat nawọ́ sí ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó já mẹ́ìnì tó ń pa iná gbogbo ilé sílẹ̀.

Bóòbù náà kú. Mùílì béèrè látorí àpótí pé ta ló paná.

Marufat jókòó sílẹ̀. Àwọn àárọ̀ Jímọ̀ ló ń rántí, bí òun ṣe máa ń pa suìṣì, tí òun á gun àpótí yẹn kan náà, tí òun á máa fi àkísà tútù nu eruku ara hódà, tí òun á sì máa bẹ ìyá pé kó má ṣe òun níbi.