Oògùn Abẹ́ Ahọ́n

Ọ̀gá Rárá ló kọ́kọ́ mọ bí èèyàn ṣe ń gba oògùn láì mu ún ní wọ́ọ̀dù kan nílé ìwòsàn ọpọlọ, tí wọ́n ń ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ láti ìta. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló mú un wá síbẹ̀ nígbà tí orí rẹ̀ dàrú. Àwọn nọ́ọ̀sì ló sọ ọ́ lórúkọ, nítorí "rárá" ni ìdáhùn rẹ̀ sí ohun gbogbo, títí kan ẹ kú àárọ̀. Nígbà tó rí i pé abẹ́rẹ́ ni ariwo ń fà wá, ó yí ọgbọ́n padà. Á ti oògùn sábẹ́ ahọ́n, á mu omi, á la ẹnu gbàgà fún nọ́ọ̀sì, á sì lọ tu ú dànù. Ó kọ́ àwọn yòókù náà.

Nínú wọn, Bàbá Télọ̀ ló já fáfá jù. "Ọ̀gá mi" ló ń pè é, bẹ́ẹ̀ ó bí irú rẹ̀ lọ́mọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bí bàbá ti ń ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ó ṣubú gbì. Ọwọ́ ń gbọ̀n, ẹsẹ̀ ń gbọ̀n, itọ́ ń hó lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀gá Rárá ló fi ìrọ̀rí sábẹ́ orí rẹ̀ kí àwọn nọ́ọ̀sì tó sáré dé.

"Oògùn ti lé wárápá yìí lọ tipẹ́," ni nọ́ọ̀sì àgbà wí. "Kí ló tún dá a padà? Bó bá tún gbé e ṣubú báyìí, ẹ̀rù ń bà mí."

Ọ̀gá Rárá gbọ́ ọ. Ó ti rò pé irú oògùn kan náà ni gbogbo wọn ń gbà, èyí tó ń mú ojú wúwo, tó ń sọ ọ̀rọ̀ di ẹrù lẹ́nu èèyàn.

Nígbà tí ara bàbá balẹ̀, ó lọ bá a. "Bàbá, tiyín yàtọ̀. Ẹ máa gbé e mì."

"Ta ló kọ́ mi pé kí n má gbé e mì?"

"Èmi ni. Ẹ jọ̀ọ́."

"Àbí nọ́ọ̀sì ti ń wù ẹ́ ni?"

"Bàbá, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ kú!"

Ẹ̀rín kúrò lójú bàbá. "Ìwọ nìkan ni wọn ò tíì rí tẹ̀ níbí. Ọjọ́ tó o bá mu tìẹ, màá mu tèmi."

Ọ̀gá Rárá lè fẹjọ́ sùn. Àmọ́ ó mọ̀ pé wọn á di bàbá mọ́lẹ̀, wọn á gún un, bí wọ́n ti ṣe òun.

Nírọ̀lẹ́, kẹ̀kẹ́ oògùn dé. Ọ̀gá Rárá gba tirẹ̀, ó kọ omi, ó sì ń rún un wómúwómú lójú gbogbo wọn. Ìkorò rẹ̀ mú omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Yéè! Ọ̀gá Rárá ti di Ọ̀gá Ẹ̀ẹ́n o!" ni ẹnìkan pariwo. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

Bàbá Télọ̀ wò ó títí, kó tó na ọwọ́ sí nọ́ọ̀sì. Òun náà rún tirẹ̀. Ọ̀gá Rárá ń wo ọ̀fun rẹ̀ títí ó fi lọ sókè, tó sì padà wálẹ̀.

Ó lọ jókòó ní ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì bàbá. Ìpéǹpéjú rẹ̀ ti ń wúwo.

"Bàbá, ọ̀la ńkọ́?"

"Ọ̀la? Ìwọ ni màá máa wò."