Apá Ọ̀tún Dákẹ́

Elétí-Ehoro ni àwọn ará ibi iṣẹ́ ń pè é, torí wọ́n ní bí èèrà bá wúkọ́ lẹ́yìn ògiri, yóò gbọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tún ohùn àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ṣe kó tó dé orí rédíò. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà nílé, ó gbé íápíìsì ńlá dé orí, ó tẹ bọ́tìnì. Etí òsì ń gbọ́ ketekete. Etí ọ̀tún pa lọ́lọ́.

Àyà rẹ̀ já. Etí ló fi ń jẹun. Bí etí bá lọ, kí ló kù?

Ó fa wáyà yọ, ó tún un kì bọ ihò rẹ̀. Pàbó. Ó pa kọ̀ǹpútà, ó tún un tàn. Pàbó náà ni. Ohun kan ló kù tó lè ṣe, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà á: ó yí íápíìsì padà, kí apá òsì lè bọ́ sí etí ọ̀tún. Ó dijú, ó tẹ bọ́tìnì. Etí ọ̀tún gbọ́. Ó mí kanlẹ̀. Ẹ̀rọ ló ń ṣàìsàn, kì í ṣe òun.

Nígbà tó ṣí ibi tí wọ́n ti ń ṣètò ohùn, ó rí i pé ẹnìkan ti fa ọ̀tún wálẹ̀ dé òdo, ó ti òsì gòkè pátápátá. Bàbá rẹ̀ nìkan ló tún máa ń lo kọ̀ǹpútà náà, tó bá fẹ́ gbọ́ ìròyìn. Ó lọ bá a ní pálọ̀.

"Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ fọwọ́ kan ohùn kọ̀ǹpútà mi?"

"Èmi ni, má bínú. Apá òsì íápíìsì rẹ kò dún mọ́, mo ní kí n bá ọ tún un ṣe. Mo gbé e sókè títí. Mo wá pa ọ̀tún, kí n lè mọ̀ bóyá òsì ń dún rárá. Kò dún. O ò bá jẹ́ ra òmíràn."

Apá òsì tí bàbá ní kò dún yẹn gan-an lòun gbọ́ ketekete. Ó rọra yí sẹ́yìn àga, lọ́wọ́ òsì bàbá, ó pè é jẹ́jẹ́. Bàbá kò yíjú. Ó tún pè é, ó gbóhùn sókè díẹ̀. Bàbá ṣì ń wo iwájú.

Ó bọ́ síwájú rẹ̀. "Ìgbà wo ni etí òsì yín ti dákẹ́?"

Bàbá wolẹ̀. "Àtìgbà tí òtútù mú mi yẹn. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹ̀yin ọmọ ìwòyí ni ẹ kì í la ẹnu sọ̀rọ̀."

Wọ́n lọ rí dókítà elétí lọ́jọ́ náà. Ó fún bàbá lóògùn, ó ní díẹ̀ nínú ìgbọ́ràn etí náà lè padà, ṣùgbọ́n òun kò ní ṣèlérí gbogbo rẹ̀. Bí wọ́n ti ń rìn bọ̀ wálé, ọmọ náà kúrò lósì, ó bọ́ sí ọ̀tún bàbá rẹ̀, ó dì í lọ́wọ́ mú gírígírí.